Algol: Ìràwọ̀ Kan Lójú, Méjì Lókè

Ní oṣù Kejìlá, bí ọyẹ́ kò bá tíì fi eruku bo ojú ọ̀run, ẹni tó bá kọjú sí àríwá ní Abuja ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lè fi ojú lásán rí Algol. Iná Wuse àti Maitama á fẹ́ dí i lọ́wọ́. Apá Kwali tàbí Abaji ló dára jù. Kó kọ́kọ́ wá ìràwọ̀ márùn-ún tó tò bíi lẹ́tà M. Algol wà lókè wọn, lápá ọ̀tún.

Ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀kan kò ní rí ohun àrà. Àmọ́ ní gbogbo ọjọ́ méjì, wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 49, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rọlẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, títí yóò fi ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Wákàtí márùn-ún mìíràn ni yóò fi padà sípò. Bó bá ṣókùnkùn jù lọ ní aago 11 alẹ́ ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú 11 alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló tún kàn. Ti ọjọ́ Àìkú á bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ò tíì wọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa rí i.

Adití ni John Goodricke láti kékeré. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìràwọ̀ yìí ní York, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1782. Ó ń fi wé àwọn tó wà nítòsí rẹ̀, ó ń kọ wákàtí sílẹ̀. Lọ́dún 1783 ó kọ̀wé sí Royal Society pé ó lè jẹ́ nǹkan ńlá kan ló ń yí Algol po, tó ń dí i lójú wa. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Copley. Kò pé ọmọ ọdún 22 tó fi kú. Ọdún 1889 ni Hermann Vogel ní Jámánì yẹ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ Algol wò, tó rí i pé ó ń sún mọ́ wa, ó tún ń sún sẹ́yìn, ní déédéé ìgbà tí Goodricke kọ sílẹ̀. Òótọ́ lọ́mọ náà sọ.

Lóṣù Kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn lójú ní Nàìjíríà. Irú rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ sí Algol, àmọ́ ìràwọ̀ ni méjèèjì níbí. Ọ̀kan gbóná, ó mọ́lẹ̀ gan-an. Èkejì fẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ kò gbóná tó o, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nígbà tí èyí tó bàìbàì bá kọjá níwájú, a rí i pé ìmọ́lẹ̀ lọ sílẹ̀. Bí ó bá yí padà, ojú kì í mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti dùn jù ni ti ọjọ́ orí. Ìràwọ̀ tó wúwo ló máa ń tètè gbó, ṣùgbọ́n èyí tó fúyẹ́ nínú àwọn méjì yìí ló ti gbó, bí ẹni pé àbúrò ti hu ewú ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Ohun tó fà á ni pé òun ló wúwo jù tẹ́lẹ̀. Bó ṣe ń gbó ló ń wú, bó sì ṣe wú, òòfà ẹnìkejì ń fa gáàsì ara rẹ̀ lọ.

Ìràwọ̀ kẹta tún wà níbẹ̀, tó ń yí àwọn méjèèjì po ní nǹkan bíi 680 ọjọ́. Kì í kọjá níwájú wọn lójú tiwa, nítorí náà kò sí bí Goodricke ì bá ṣe mọ̀ ọ́n.