Gbígbé Ọmọ Kékeré Lọ Sílé Nínú Bàálù Òru

Tí ọmọ yín bá ti ń sún mọ́ ọdún 2, ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó wo owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn fún àwọn ìyá ọmọ tí a jọ ń pàdé ní Longbridge Road, yálà níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì 5 ni o, tàbí ní Mayesbrook Park níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, orí ẹsẹ̀ òbí ló máa jókòó sí nínú bàálù. Owó rẹ̀ kì í pọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń gba nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó àgbà, wọ́n á wá fi owó orí kún un. Ọjọ́ tó bá pé ọdún 2 báyìí, ìjókòó tirẹ̀ ti di dandan. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé bí ọmọ bá lọ ní ọmọ oṣù 23, tó wá pé ọdún 2 lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìbàdàn, ẹ máa sanwó ìjókòó fún un nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀. Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé ẹnu káńtà ni wọ́n ti sọ fún un.

Àdúgbò ọmọdé ni àdúgbò wa yìí. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021, Barking and Dagenham ni ìdá àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ti pọ̀ jù ní gbogbo England àti Wales. Nínú èèyàn mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ ọmọdé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń wáyé lójoojúmọ́, pàápàá tí Kérésì tàbí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ń bọ̀.

Kí ló wá dé tí a ò fi dúró kí ọmọ dàgbà díẹ̀ sí i? Ọkọ mi náà bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ní kó wo ojú ìyá mi lórí fóònù. Ìyá mi ti lé ní ọdún 76, Ìjẹ̀bú-Òde ló wà, orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀, ká má tíì sọ ti bàálù. Ọmọ mi mọ ohùn rẹ̀, ó mọ gèlè rẹ̀, ṣùgbọ́n inú fóònù ló rò pé ìyá àgbà ń gbé. Bí a bá ti pa fóònù, á yí i padà, á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìyá àgbà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì kò ní dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ká sì dúpẹ́. Àwọn ìyá tó ṣáájú wa, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sílé. Aureol, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Elder Dempster, láti ọdún 1951 títí di 1972 ló fi ń ná Liverpool sí Èkó, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló sì ń lò lórí òkun, pẹ̀lú èébì àti ìgbì. Wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ni tiwa láti London dé Èkó.

Ìwé ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti lè bàjẹ́ jù. Pé wọ́n bí ọmọ sí London kò sọ ọ́ di ọmọ ilẹ̀ Britain. Láti ọdún 1983, ìwé ìgbélùú tí bàbá tàbí ìyá ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ni òfin ń wò. Ọmọ tí kò tíì ní ìwé kankan níbí, ẹ má gbé e jáde kí ẹ tó bá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú sọ̀rọ̀, torí ẹ lè dé Èkó pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ìpadàbọ̀ wá di ẹkún. Ti àwọn tó jẹ́ ọmọ Britain, tí wọ́n tún ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, òfin ti le sí i: láti ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2026, pásípọ́ọ̀tù Britain tàbí ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ìwọ̀lú ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn kí bàálù tó gbé wọn padà wá. Tìyá tọmọ ni o. Àwọn tó ń lo eVisa, ẹ rí i dájú pé nọ́ḿbà pásípọ́ọ̀tù tuntun ọmọ ti wọ inú àkáǹtì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà níbẹ̀. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni ọmọ mi ń jẹ́, orúkọ bàbá tèmi ló ṣì wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi. Bí èmi nìkan bá ń gbé e lọ, ẹnikẹ́ni lè béèrè pé ọmọ ta ni. Òfin ibí ní kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ òbí lórí ọmọ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé e jáde. Nítorí náà, ìwé ìbí ọmọ àti lẹ́tà tí bàbá rẹ̀ kọ, tó fọwọ́ sí, tí nọ́ḿbà fóònù rẹ̀ wà nínú rẹ̀, inú báàgì ọwọ́ ni wọ́n máa ń wà. Ó wúlò ní Ìkẹjà náà nígbà tí a ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìwé, abẹ́rẹ́. A kì í sábà fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 9 ní abẹ́rẹ́ yellow fever, ó sì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 kí káàdì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti 2016, káàdì náà ti di ti gbogbo ayé ẹni, kò sí pé ẹ ń gbà á ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá mọ́. Oògùn ibà ńkọ́? Àwọn èèyàn wa á ní, "Ṣé ọmọ Nàìjíríà kọ́ ni, kí ni ibà máa fi ṣe?" Ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà kì í lé ẹ̀fọn o. Ọmọ tí wọ́n bí sí Barking, ara rẹ̀ kò mọ ibà rí. Àwa òbí pàápàá tí a ti pẹ́ níbí, agbára tí ara wa ní tẹ́lẹ̀ ti ń lọ. Nínú àwọn tó ń gbé ibà wọ Britain lọ́dọọdún, àwọn tó lọ kí ẹbí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló pọ̀ jù. Ìwọ̀n kílò ọmọ ni wọ́n fi ń mọ iye oògùn tó máa lò, nítorí náà ẹ gbé ọmọ lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ọjọ́ tó pé. Ẹ má pín oògùn ẹ̀gbọ́n sí méjì fún àbúrò.

Ó di ọ̀rọ̀ òru. Àwọn kan gbà pé bàálù òru ló dára jù, pé ọmọ á kàn sùn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Aago méje àbọ̀ ni ọmọ mi ń sùn nílé. Bàálù tó ń gbéra ní aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́, ní aago méje yẹn gan-an ni ẹ máa wà lórí ìlà, níbi iná tó mọ́lẹ̀ rokoṣo àti ariwo. Ọmọ tó bá ti kọjá àkókò oorun rẹ̀, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí: á dà bíi pé wọ́n fi bátìrì tuntun sí i nínú. Èyí tó dára ni pé a kò ní wàhálà àárín aago bíi ti àwọn tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí, aago London àti ti Èkó dọ́gba. Nígbà òtútù, wákàtí kan péré ni Èkó fi ṣáájú. Oorun òru kan ṣoṣo ni ọmọ máa pàdánù.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo jẹ́ kó sùn dáadáa lọ́sàn-án, mo fún un ní ìrẹsì àti ẹ̀wà kí a tó jáde, mo sì wẹ̀ fún un nílé. Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀. Láti Upney tàbí Barking, ẹ lè wọ District line dé Hammersmith kí ẹ yí sí Piccadilly, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Láti ìgbà tí Elizabeth line ti dé ní 2022, Goodmayes ni mo fẹ́ràn. Lífíìtì wà níbẹ̀, ẹ máa sọ̀ ní Whitechapel kí ẹ wọ èyí tó ń lọ sí Heathrow. Ẹni tó ní àpótí méjì, kẹ̀kẹ́ ọmọ àti ọmọ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe èyí lóun nìkan. Ọkọ mi gbé ẹrù dé ẹnu ibi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí ẹni tí kò rìnrìn àjò kọjá.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má bẹ̀rù àwọn tó ń yẹ ẹrù wò. Wàrà ọmọ, omi tí ẹ ti sè fún un àti oúnjẹ ọmọ lè ju mílílítà 100 lọ, bí ohun tí ẹ gbé e sí kò bá ti gbà ju lítà 2 lọ. Wọ́n lè ní kí ẹ ṣí i kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wàrà ọyàn tó ti dì bíi yìnyín nìkan ni wọn kì í gbà nínú báàgì ọwọ́. Èmi gbé búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, nápì mẹ́jọ, aṣọ méjì fún un àti blouse kan fún ara mi. Ẹ má fojú kéré blouse yẹn. Bí ọmọ bá bì, ara ìyá ló ń bì sí.

Ẹ máa gbọ́ nípa ibùsùn kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ògiri iwájú. Ó dára fún ìkókó, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti lé ní nǹkan bíi kílò 11 tàbí 12, ọ̀pọ̀ bàálù kì í gbà á síbẹ̀. Orí ẹsẹ̀ mi ni tèmi wà, pẹ̀lú bẹ́líìtì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ti ìyá. Ọ̀já mi ló gbà mí. Nígbà tí iná bẹ́líìtì kú, mo pọ̀n ọ́n, mo ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ẹ̀yìn bàálù níbi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ń jó díẹ̀díẹ̀. Òyìnbó obìnrin kan ní òun náà fẹ́ ra irú ọ̀já yẹn. Ṣùgbọ́n tí iná bá tún tàn, ẹ sọ ọmọ kalẹ̀ kíá, ẹ dè é mọ́ra níwájú yín. Ẹ má sì tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ láàárín ìjókòó, bó ti wù kí oorun máa kùn ún tó. Bí bàálù bá mì tìtì, kò sóhun tó dì í mú níbẹ̀.

Etí ni ó máa ń pa wọ́n lẹ́kún nígbà tí bàálù bá ń gòkè, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ọmọ máa gbé nǹkan mì ló ń ṣí etí náà, nítorí náà ẹ fi ọyàn tàbí ìgò rẹ̀ pa mọ́ di àsìkò yẹn. Ẹ má jẹ́ kó mu ún tán kí bàálù tó gbéra.

Bí aago méjìlá òru ṣe ń lù, ọmọ mi ń sunkún. Màmá kan tó jókòó ní òdìkejì, èèyàn dáadáa, ó ti bá mi gbé báàgì sókè, ó yọ ìgò kékeré kan nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀.

"Ìyá ọmọ, fún un ní ṣíbí kan péré. Á sùn títí dé Èkó."

Mo wo ara ìgò náà: promethazine, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Phenergan. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ó máa sùn tó bá yá."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ òde òní! Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tèmi, òun ni mo fi gbé wọn."

N kò bá a jiyàn, àgbà ni. Ṣùgbọ́n torí màmá yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí, nítorí kì í ṣe òun nìkan, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ní 2004, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára oògùn yẹn: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọ́dọ̀ lò ó, nítorí ó lè dá èémí ọmọ dúró, àwọn kan sì ti kú. Ní 2009, àjọ MHRA tó ń rí sí oògùn ní Britain ní kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 ní ọ̀pọ̀ nínú oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tí a ń rà láìsí ìwé dókítà, títí kan àwọn tó ń mú èèyàn sùn. Ẹ wá wo ibi tí a fẹ́ lò ó sí. Afẹ́fẹ́ inú bàálù fẹ́ bíi ti orí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Wọ́n ti pa iná, ìyá ti rẹ̀, òun náà ti sùn lọ. Bí èémí ọmọ bá ń dínkù, ta ló máa mọ̀? Àwọn ọmọ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé dípò kí wọ́n sùn, ara wọn á túbọ̀ máa gbóná sí eré. Bí nǹkan bá ń dun ọmọ, paracetamol ọmọdé ní ìwọ̀n tó tọ́ wà fún ìyẹn. Ẹkún nìkan kì í ṣe àìsàn.

Ó lé ní aago kan kó tó sùn. Wákàtí kan péré ni mo gbúròó ẹkún yẹn ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ọ̀sẹ̀ méjì Aureol. Bàbá kan níwájú ń pòṣé. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà," mo sì ń pọn ọmọ mi lọ.

A dé Èkó ní ìdájí, ooru kọ lu ojú wa láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ náà kọ́kọ́ sá sẹ́yìn mi. Nígbà tí ìyá mi pe oríkì rẹ̀, ó yọjú, ó fọwọ́ kan gèlè náà, ó sì lọ wo ẹ̀yìn àga tí ìyá mi jókòó lé.

Bí ẹ bá padà dé, oògùn ibà kò tíì tán. Ti Malarone, ọjọ́ 7 ni ẹ máa fi lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti kúrò ní Nàìjíríà. Mo máa ń lọ tọmọdé kúnná sínú wàrà. Bí ara ọmọ bá gbóná láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, tàbí títí di ọdún kan pàápàá, ẹ má sọ pé eyín ló ń hù. Ẹ gbé e lọ sí King George ní Goodmayes tàbí Queen's ní Romford lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà.