Irin Àlòkù Di Ọ̀bẹ

Bí a bá dé àgbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkòròdú, a ó rí i bí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù di ọ̀pá ìkọ́lé. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí àgbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo irin kọ́ ni í di ọ̀bẹ.

Ọ̀pá ìkọ́lé rọ̀. Ọ̀bẹ tí a bá fi rọ kì í pẹ́ kú. Sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ni ó yẹ, nítorí pé kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sábà máa ń tó ìdá 6 nínú 1,000. Àgbẹ̀dẹ a fi ẹwìrì fẹ́ iná èédú, a fi ẹ̀mú gbá irin mú, a sì fi ọmọ owú lù ú pẹlẹbẹ. Yóò tún fi í sínú iná títí òòfà kò fi ní í fà á mọ́, yóò sì rì í bọ inú epo. Omi tútù lè mú kí ó sán. Nígbà náà ó le, ṣùgbọ́n ó lè ṣẹ́ bí ìgò. Ìdí nìyí tí a fi ń tún yá a níná díẹ̀, títí yóò fi ní àwọ̀ koríko gbígbẹ.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀: àjákù igi líle ni a fi ń ṣe é. Awọ bàtà àtijọ́ ni a fi ń rán àkọ̀, a ó sì fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ há ojú ìrán, kí ọ̀bẹ má baà gé okùn. Ẹni tí ó bá fo èyí, ara òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀bẹ yóò kọ́kọ́ ṣá.