Algol, Ìràwọ̀ Tí Kì í Gbé Ojú Kan

Nínú gbogbo ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò, Algol ni mo yàn láàyò. Àárín àwọn ìràwọ̀ Perseus ló wà, níhà àríwá. Lóṣù Kejìlá, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, a máa ń rí i láti Ìbàdàn, bí eruku ọyẹ́ bá gbà. Mirfak tó wà nítòsí ni mo fi ń díwọ̀n rẹ̀: lọ́pọ̀ alẹ́, díẹ̀ ló fi ju Algol lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 2, wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 49 síra wọn, Algol á ṣe bàìbàì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Láàárín wákàtí 10, ó ti ṣú, ó ti mọ́lẹ̀ padà.

John Goodricke, adití ọmọ ọdún 18, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ ní York, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1782. Ó ní bóyá nǹkan ńlá kan ló ń yí i ká, tó ń dí i. Ọmọdé gbọ́n! Ìràwọ̀ kejì ni, Hermann Vogel ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1889.

Goodricke náà ló tún rí i lọ́dún 1784 pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ Delta Cephei ń lọ sókè sódò. Kò sẹ́ni tó ń dí ìyẹn o. Fúnra rẹ̀ ló ń wú, tó ń súnkì, ní ọjọ́ 5 àti wákàtí 9. Kò mọ́lẹ̀ tó Algol, nítorí náà ẹ jìnnà sí iná títì kẹ́ ẹ tó wá a.