Yíyan Ẹrù Fífúyẹ́ fún Ìrìn Àjò Inú Igbó

Ẹrù kan ṣoṣo ni ènìyàn ń gbé kúrò nílé, ṣùgbọ́n bí ó bá rìn dé ibùsọ̀ kẹwàá, yóò dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ti di tirẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ rìn, tí yóò sì máa pàgọ́ sùn lójú ọ̀nà, fi ara balẹ̀ yan ohun tí yóò gbé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé olówó nìkan ni ó lè ní ẹrù tí ó fúyẹ́, nítorí pé àgọ́ àti àpò ìsùn tí ó fúyẹ́ jù lọ a máa wọ́n púpọ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà tán.

Ìyá àgbà kan wà ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Emma Gatewood. Ọmọ mọ́kànlá ni ó bí. Ní ọdún 1955, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 67, ó dá rin Appalachian Trail, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tí ó gba orí òkè láti ìpínlẹ̀ Georgia títí dé Maine, tí ó sì lé ní ibùsọ̀ 2,000. Kò gbé àgọ́, kò sì gbé àpò ìsùn. Àpò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni ó gbé kọ́ èjìká. Kúbùsù kan wà nínú rẹ̀, àti aṣọ ọ̀rá tí a fi ń ṣe ìkélé balùwẹ̀, èyí tí ó fi ń bora nígbà òjò. Bàtà kánfáàsì ni ó wọ̀. Gbogbo ẹrù rẹ̀ kì í sábà ju kílò 9 lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìní ẹrù ni ọgbọ́n. Ní ọdún 1954, tí ìyá yìí kọ́kọ́ gbìyànjú, ó ṣìnà nínú igbó Maine, gíláàsì ojú rẹ̀ fọ́, oúnjẹ sì tán lọ́wọ́ rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùṣọ́ igbó fi ní kí ó padà sílé. Nígbà tí ó sì ṣe é yọrí, àwọn ará ọ̀nà a máa gbà á sílé, a sì máa sùn nínú ahéré tí a kọ́ fún àwọn arìnrìn-àjò. Níbi tí kò bá sí irú ahéré bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní ìbòrí yóò jẹ ìyà òjò.

Kí ni ènìyàn yóò wá ṣe? Èkíní, kí ó mọ̀ pé àgọ́, ohun ìsùn àti àpò ni ó sábà ń mú ẹrù wúwo jù lọ. Ní ilẹ̀ tí òtútù kò pọ̀, ọ̀rá fífẹ̀ tí a fi okùn ta sí àárín igi méjì lè gba ipò àgọ́, bí àwọ̀n ẹ̀fọn bá wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ ń lọ, ìkòkò kan àti ọ̀bẹ kan tó wọn. Kí wọ́n pín ẹrù náà gbé.

Èkejì, àpò ni kí ó rà gbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ra àpò ńlá yóò wá ohun tí yóò fi kún un. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ̀kẹta ni omi. Lítà omi 1 wúwo tó kílò 1. Ẹni tí ó mọ ibi tí odò wà lójú ọ̀nà kò ní láti ru omi odidi ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n kí ó se omi odò kí ó tó mu ún. Ìgò oníke tí a ti mu omi rẹ̀ tán fúyẹ́ ju ìgò onírin lọ, kò sì ná ni ní nǹkan.

Ẹ̀kẹrin ni aṣọ. Aṣọ òwú a máa fa omi mu, kì í sì í tètè gbẹ; ṣùgbọ́n aṣọ irun àgùntàn a máa mú ara móoru bí ó tilẹ̀ tutù. Nítorí náà, ní orí òkè olótùútù, aṣọ irun àgùntàn tí a rà ní òkìrìkà sàn ju aṣọ òwú tuntun lọ.

Lẹ́yìn èyí, kí ó gbé ohun gbogbo lé orí òṣùwọ̀n. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ife kejì àti bàtà kẹta ṣe ń di ẹrù. Nígbà tí ó bá sì darí dé, kí ó pín ẹrù rẹ̀ sí ọ̀nà méjì: èyí tí ó lò, àti èyí tí kò lò rárá. Kí ó fi èyí tí kò lò sílẹ̀ nígbà mìíràn, àfi oògùn ojú ọgbẹ́, ìṣáná, tọ́ọ̀ṣì àti ìbòrí òjò. A kì í torí pé a kò lò wọ́n lánàá kí a fi wọ́n sílẹ̀ lónìí.