Ilé àti Ilẹ̀ ní Fìdítì àti Ìlọrà: Ìtọ́sọ́nà Oṣù dé Oṣù

Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió wà láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Fìdítì, Ìlọrà, Àáwẹ́, Akínmọ̀ọ́rìn, Ìmínì, Ìwàre, Ìlú-Ajé àti Jọbẹ̀lé, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wà, wà lára àwọn ìlú rẹ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 134,173 ni wọ́n kà níbẹ̀. Títì ìjọba àpapọ̀ tó lọ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tó tó nǹkan bí 50 kìlómítà, ló so Fìdítì pọ̀ mọ́ Ìlọrà, òun náà ló sì ń sọ iye tí ilẹ̀ ń lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń jìnnà sí títì, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ ń wálẹ̀.

Ilé àti ayálégbé

Oríṣi ilé mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni ilé àtijọ́ inú agbo ilé: ògiri alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, páànù tó ti dípẹtà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ tí yàrá kọjú síra wọn lápá méjèèjì. Ilé ẹbí ni irú èyí sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹbí yàn láti máa gbowó, torí ẹ̀gbọ́n lè gbà á lónìí, kí àbúrò tún wá béèrè lọ́la. Èkejì ni ilé búlọ́ọ̀kù oníyàrá púpọ̀, tí àwọn ayálégbé jọ ń lo kànga àti ilé ìdáná kan náà. Ẹ̀kẹta ni fúlàtì àti self-contain tí wọ́n ń kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì àti sí àwọn àdúgbò tuntun.

Ìlọrà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Ọ̀yọ́. Nítorí èyí, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Ọ̀yọ́, bíi Yunifásítì Ajayi Crowther àti Federal College of Education (Special), lè gbé ibẹ̀ kí wọ́n máa wọ ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́. Ní Fìdítì, àwọn oníṣòwò èso, olùkọ́, àti àwọn ọmọ ìlú tó fẹ̀yìn tì wálé láti Ìbàdàn àti Èkó ni wọ́n pọ̀ nínú àwọn tó ń wá ilé tàbí ilẹ̀.

Kí ayálégbé tó san owó, ó yẹ kó yẹ nǹkan mẹ́ta wò. Àkọ́kọ́ ni omi: ṣé kànga náà kì í gbẹ lóṣù Ẹrẹ́nà? Èkejì ni iná: ṣé mítà tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, àbí gbèsè ẹni tó kó jáde ṣì wà lọ́rùn ilé lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ iná IBEDC? Ẹ̀kẹta ni àpapọ̀ owó, torí owó ọdún àkọ́kọ́ kì í ṣe owó ilé nìkan. Owó ejẹ́ńtì àti owó ìwé àdéhùn sábà máa ń lé e. Kó sì gba rìsíìtì fún owó kọ̀ọ̀kan.

Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ohun tó wọ́pọ̀ nínú òfin ni pé onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé tó ń sanwó lọ́dọọdún ní ìwé oṣù mẹ́fà kó tó lè ní kó kúrò; ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan; ẹni tó ń san lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ọlọ́jọ́ méje, kí ẹjọ́ tó dé kóòtù. Yíyọ páànù tàbí ilẹ̀kùn mọ́ ayálégbé lórí kì í ṣe ọ̀nà òfin.

Ilẹ̀ ẹbí àti òfin ìjọba

Òfin Land Use tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù March, 1978, fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà. Gómìnà ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní C of O lórí ilẹ̀ ìgboro. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fúnni ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹbí ni èèyàn ti ń ra ilẹ̀ ní Afijió títí di òní, nítorí òfin náà kò lé ẹbí tó ti wà lórí ilẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ ẹbí ní ẹnu ọ̀nà méjì láti gbà kọjá: ti ẹbí àti ti ìjọba.

Ti ẹbí ló ń bí ẹjọ́ jù. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959, kóòtù fi ìlànà kan múlẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò wáyé rárá lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìsí àwọn àgbà ìdílé tó ṣe kókó, àwọn yẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì fagi lé e. Nítorí náà, kí olórí ẹbí àti aṣojú ẹ̀ka ẹbí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé, kí lọ́yà tí olùrà fúnra rẹ̀ mú wà níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, ọ̀nà márùn-ún ni Kóòtù Gíga Jùlọ tò kalẹ̀ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé, lílo ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olówó rẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ìyẹn ni pé ẹni tó ra ilẹ̀ tó wá fi í sílẹ̀ fún igbó lọ́dún mẹ́wàá ń sọ ẹ̀rí ara rẹ̀ nù. Kó ro ó, kó mọ ọgbà, kó gbin nǹkan sí i.

Igi tó wà lórí ilẹ̀

Ilẹ̀ èso ni Fìdítì. Ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti káṣú ni wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún àwọn èrò ọkọ̀. Nínú oko irú èyí, ilẹ̀ lọ́tọ̀, igi lọ́tọ̀. Ẹni tó gbin ọsàn lè jẹ́ àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹbí, kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Bí ẹbí bá ta ilẹ̀ náà, àgbẹ̀ yóò béèrè owó igi rẹ̀, ọ̀dọ̀ olùrà ló sì máa ń wá bó bá gbé katakata dé. Kí olùrà béèrè ẹni tó gbin igi kọ̀ọ̀kan, kí ìwé sì sọ ẹni tí yóò san án. Kó tún wo ìlà pérégún dáadáa. Ààlà àtijọ́ ni, ẹni tó bá fa pérégún tu láìsọ fún olóko ẹ̀gbẹ́ ti dá ìjà sílẹ̀.

Ìwọ̀n àti ìwé

Pulọ́ọ̀tì tó wọ́pọ̀ jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100, ṣùgbọ́n àwọn kan ń lo 60 sí 120. Éékà kan jẹ́ 43,560 ẹsẹ̀ bàtà níbùú àti lóròó. Nínú rẹ̀, pulọ́ọ̀tì 50 sí 100 kò lè ju mẹ́jọ lọ kí wọ́n tó yọ ojú ọ̀nà. 60 sí 120 kò lè ju mẹ́fà lọ. Ẹni tó bá ń ta mẹ́wàá láti inú éékà kan ń ta ilẹ̀ tí kò sí ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ ẹ̀bá títì gbọ́dọ̀ rántí pé mítà 45.72, tí í ṣe 150 ẹsẹ̀ bàtà, láti àárín títì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó bọ́ sínú rẹ̀ lè wó láìsí owó gbà-má-bínú.

Sọ́feyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ ló ń wọn ilẹ̀, tó sì ń ri píláà tó ní nọ́ńbà sí igun rẹ̀. Kí olùrà fi nọ́ńbà ara píláà wé ti inú ìwé sọ́fè. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Ìbàdàn láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ ọ̀hún. Ní Ìlọrà, èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí Ìlọrà wà lára ibi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá oko ìdúró, tí wọ́n ń pè ní farm settlement, sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960.

Oṣù dé oṣù

Ṣẹ́ẹ́rẹ́ sí Ẹrẹ́nà. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ìgbà yìí ni kí wọ́n gbẹ́ kànga, nítorí omi ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀. Kànga tí wọ́n gbẹ́ nígbà òjò lè gbẹ nígbà ọyẹ́. Ìgbà yìí tún dára fún mímọ búlọ́ọ̀kù àti kíkan òrùlé, bí wọ́n bá ń bomi rin búlọ́ọ̀kù tuntun déédéé. Káṣú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti Èrèlé. Kí wọ́n ṣọ́ra fún iná igbó.

Igbe sí Agẹmọ. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò máa ń ṣí páànù, nítorí náà kí wọ́n kan èyí tó bá ti tú kó tó dé. Ọjọ́ kejì òjò ńlá ló dára jù láti lọ wo ilẹ̀: ibi tí omi bá dúró sí kò yẹ fún ìpìlẹ̀ lásán, ọ̀nà tí mọ́tò kò bá lè gbà kọjá yóò sì gbé owó yanrìn àti òkúta sókè.

Ògún. Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, àwọn bíríkìlà á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọdún Ṣàngó, tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní 2023, máa ń wáyé ní Ọ̀yọ́ lóṣù yìí. Àwọn àlejò tó ń wá síbẹ̀ lè wá ibùsùn ní Ìlọrà.

Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà. Òjò padà dé. Ilé ẹ̀kọ́ wọlé, àwọn tó ń wá yàrá pọ̀ sí i. Ayálégbé tó bá lè wá tirẹ̀ ṣáájú ìwọlé yóò rí àyè yàn.

Bélú àti Ọ̀pẹ. Ọsàn kún ẹ̀gbẹ́ títì Fìdítì. Àwọn ọmọ ìlú ń bọ̀ láti ìdálẹ̀ fún ọdún Kérésì, ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìpàdé ìdílé. Ọjà ilẹ̀ gbóná nígbà yìí ju ìgbà mìíràn lọ, nítorí olówó wà nílé, ẹbí sì pé. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹ̀ka ẹbí wà lójú kan láti fọwọ́ sí ìwé. Ewu ibẹ̀ ni pé ọ́fíìsì ìjọba ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì, kò sì sí ẹni tí yóò yẹ ìwé sọ́fè wò. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà nígbà ọdún bá ẹbí sọ̀rọ̀, kó san àsansílẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì, kó sì fi ìyókù sílẹ̀ di Ṣẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ́fíìsì yóò ṣí. Ẹbí tó nilẹ̀ lóòótọ́ yóò dúró dè é.