Ohun Tó Ń Ba Ẹ̀gúsí Jẹ́ Náà Ló Ń Bá Ara Jà

Bí ẹ bá ra ẹ̀gúsí ní ọjà Ojúwòyè ní Mushin, tí ẹ ní kí wọ́n bá yín lọ̀ ọ́, ìyá tó ń tà á lè bi yín pé ìgbà wo lẹ fẹ́ sè é. Bí kì í bá ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó lè ní kí ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa lọ ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́ lò. Ó mọ̀ pé ẹ̀gúsí tí a kò lọ̀ lè wà nínú agolo fún oṣù mélòó kan kó má ṣe nǹkan kan. Èyí tí a ti lọ̀, tí ooru Èkó sì ń mú, kì í pẹ́ tó fi máa ń rùn, tí á sì korò lẹ́nu.

Ọ̀rá inú ẹ̀gúsí ló fà á. Ọ̀rá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wóró, ó sì jẹ́ irú ọ̀rá tí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ máa ń tètè kọlù. Nígbà tí wóró bá wà ní odindi, afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé. Ẹ lọ̀ ọ́ tán, gbogbo ara rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọ́síjìn á ba ẹyọ ọ̀rá kan jẹ́, ọ̀rá yẹn á di ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní free radical: ó ti pàdánù ẹlẹ́ktrọ́ọ̀nù kan, kò sì ní sinmi títí á fi já ti ẹnìkejì rẹ̀ gbà. Ẹni tí wọ́n já tirẹ̀ gbà náà á kọjú sí ẹni tó tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń ràn nìyẹn, láti orí ọ̀kan sí èkejì, àfi bí nǹkan bá dá a dúró. Fítámì E wà lára ohun tó lè dá a dúró, torí òun lè fi ẹlẹ́ktrọ́ọ̀nù tirẹ̀ sílẹ̀ kó má sì ya wèrè. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní antioxidant.

Mo fi ẹ̀gúsí bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ohun kan náà gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara èèyàn. Ọ̀rá ló yí sẹ́ẹ̀lì wa kọ̀ọ̀kan ká, irú ọ̀rá inú ẹ̀gúsí sì wà lára rẹ̀. Ọ́síjìn tí à ń mí símú la fi ń sọ oúnjẹ di agbára, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń ṣìnà lẹ́nu iṣẹ́, á sì di free radical. Èéfín sìgá ń fi kún un, èéfín dánfó tó ń rọ́ gììrì ní Ojúẹlẹ́gbà ń fi kún un, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn fèrèsé náà kò gbẹ́yìn.

Denham Harman, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́mísírì ní ilé-iṣẹ́ epo Shell kó tó lọ kọ́ ìṣègùn, ló kọ ọ́ jáde ní ọdún 1956 pé ìbàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ yìí ló ń sọ wá di arúgbó. Ọ̀pọ̀ ni kò kọbi ara sí i. Nígbà tó di 1969, Joe McCord àti Irwin Fridovich ní Yunifásítì Duke ṣàlàyé ẹ́ńsáìmù kan nínú ara tó jẹ́ pé kíkápá irú free radical kan báyìí niṣẹ́ rẹ̀. Ẹnu àwọn aṣiyèméjì rọ̀ díẹ̀. A kì í gba ọlọ́dẹ sí ilé tí olè kì í dé. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, ìbàjẹ́ a máa fẹ́ borí àtúnṣe, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ewé ti wọlé.

Ewé náà ní ìjà tirẹ̀. Láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ ni oòrùn ń pa á, kò lè dìde lọ jókòó sábẹ́ ibòji, kòkòrò sì ń jẹ ẹ́. Ó wá ń pèsè èròjà tí yóò fi gba ara rẹ̀: polyphenol àti flavonoid ni wọ́n ń pe púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ló wà nínú ewúro, àwọn ló pa ìsápá láró pupa, àwọn ló wà nínú orógbó tí a fi ń wúre fún ọmọ tuntun pé kó gbó. Ẹrù tí àwọn eléwé-ọmọ Ojúwòyè kó kalẹ̀ sórí àpò, ààbò tí igi ṣe fún ara rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ wa ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Farombi ní Yunifásítì Ìbàdàn ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí kolaviron, èròjà tí wọ́n yọ lára orógbó. Ganiyu Oboh ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ lójoojúmọ́. Àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ jù rọrùn: wọ́n á po oògùn aláró àlùkò kan tó ń jẹ́ DPPH, wọ́n á kán omi ewé sí i. Bí àró náà bá ṣí di òféèfé, ewé yẹn lágbára. Ó wuni láti wò. Ewé tó kọjá ìdánwò yìí kò lóǹkà, àwọn tó ń ta kápúsù ewé kò sì jẹ́ kí èsì rẹ̀ tutù kí wọ́n tó gbé e sára páálí.

Ṣùgbọ́n ìgò yàtọ̀ sí ikùn. Bí ẹ bá jẹ ewúro, díẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ nínú polyphenol rẹ̀, ẹ̀dọ̀ a sì yára kó o dànù bí ohun àjèjì. Fítámì C inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Kò lè jẹ́ pé polyphenol díẹ̀ yẹn ló ń lọ dènà free radical kọ̀ọ̀kan káàkiri ara.

Wọ́n sì ti gbìyànjú láti da antioxidant sí èèyàn lára ní tààrà. Ní Finland, wọ́n kó ọkùnrin amusìgá 29,133 jọ, ẹni ọdún 50 sí 69. Wọ́n fún àwọn kan ní beta-carotene lójoojúmọ́, èyí tó mú epo pupa pọ́n. Èsì jáde ní 1994: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ sí i lára àwọn tó lò ó. Amẹ́ríkà náà dán irú rẹ̀ wò, wọ́n fagi lé e ní 1996 kó tó pé àkókò, torí tiwọn tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2009, Michael Ristow àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe eré ìdárayá ní fítámì C àti E púpọ̀, oògùn yẹn sì gba èrè tí eré ìdárayá ìbá ṣe fún ara wọn. Ó jọ pé ara nílò ìjà díẹ̀ kó tó múra.

Ibí yìí lèmi rò pé ìdáhùn wà. Ìkorò ewé ń yọ sẹ́ẹ̀lì lẹ́nu níwọ̀nba, sẹ́ẹ̀lì a sì jí. Masayuki Yamamoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ló ṣàlàyé ọ̀nà tó ń gbà: èròjà kan tó ń jẹ́ Keap1 di èkejì tó ń jẹ́ Nrf2 mú. Tí ohun tó ń yọni lẹ́nu bá dé, Keap1 á jọ̀wọ́ rẹ̀, Nrf2 á wọ inú kókó sẹ́ẹ̀lì lọ pàṣẹ kí wọ́n ṣe ẹ́ńsáìmù ààbò sí i. Ara ló ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó tún jẹ́ kó yé wa pé ohun tó ń ṣeni lóore ní ìwọ̀nba lè di májèlé bó bá pọ̀ lápọ̀jù.

Ní ti ọjọ́ ogbó fúnra rẹ̀, ní 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbàlagbà ẹni ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Èsì wọn ní 2001 ni pé nínú 100 àgbàlagbà Ìbàdàn, bíi 1.35 ni àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún, ó sì tó 3.24 ní Indianapolis. Ẹ̀fọ́ wà lára oúnjẹ àwọn ará Ìbàdàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí kò ru tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rá díẹ̀ àti iṣẹ́ ara wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fa ewé kan ṣoṣo yọ níbẹ̀ ti ń tajà nìyẹn.

Nínú ilé ìdáná ni ọwọ́ wa ti lè ṣe nǹkan. Oboh rí i pé bíbọ ẹ̀fọ́ nínú omi gbígbóná ń gba púpọ̀ nínú fítámì C rẹ̀. Omi àwọ̀ ewé tó ń jáde tí a bá ń fọ ewúro, tí à ń fún un, polyphenol ló ń bá a lọ. Ẹ má fọ̀ ọ́ títí ìkorò á fi tán pátápátá. Carotene ní tirẹ̀ ń fẹ́ epo kó tó wọ ara, nítorí náà ẹ̀fọ́ rírò tí epo kàn dára, ṣùgbọ́n epo ayamáṣe tí a dáná yá títí pupa rẹ̀ fi lọ, carotene ti bá a lọ.

Ẹ má wo kápúsù bí ẹni ń wo ife tíì. Ní 2018, àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù kéde pé èròjà tíì aláwọ̀ ewé tí wọ́n fún pọ̀ sínú kápúsù, bó bá ti tó 800 mílígíráàmù èyí tó ń jẹ́ EGCG nínú rẹ̀ lóòjọ́, lè yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu. Wọn kò rí ìyọnu bẹ́ẹ̀ nínú tíì tí a pò mu. Àwọn kápúsù àti àgúnmu tó ní òun ń sọ arúgbó di ọ̀dọ́ kún orí tábìlì ní Yábàá àti Tejúoṣó. Ẹ yí páálí wọn padà. Lẹ́tà wíwẹ́ sábà máa ń wà níbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò. Ẹni tó ń pariwo rẹ̀ ní sípíkà kì í ka apá ibẹ̀.