Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀

Ẹ̀yin ará Ketu, Mile 12 àti Ikosi, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní May 29, 1919, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, onímọ̀ ìràwọ̀ Arthur Eddington ya àwòrán ìràwọ̀ ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun tó dé Èkó yìí. Òòfà oòrùn tẹ ìmọ́lẹ̀ wọn, bí onímọ̀ físíìsì Einstein ṣe sọ.

Agbo gálásì, ìyẹn ọ̀pọ̀ àkójọ ìràwọ̀ tó wà pa pọ̀, wúwo ju oòrùn lọ fíìfíì, nítorí náà òòfà rẹ̀ náà máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Ní 2003, àwọn onímọ̀ kéde ọ̀kan tó wà níwájú quasar SDSS J1004+4112, ìmọ́lẹ̀ ńlá tó yí ihò dúdú ká. Òòfà agbo náà tẹ ìmọ́lẹ̀ yẹn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: quasar kan ṣoṣo, àwòrán mẹ́rin! Ìkarùn-ún, tó ṣe bàìbàì, hàn lẹ́yìn náà. Ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ wọn ò gùn bákan náà: ìyípadà tí àwòrán kan bá fi hàn lónìí, òmíràn lè pẹ́ ju ọdún 6 lọ kó tó fi í hàn.